Ìdákẹ́ Ẹni tí ó Mọ Iyì Àwo

Òwe kan wà tí kì í jìnnà sí ẹnu àwọn oníṣòwò: ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Òwe náà dára, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ iyì ohun kan kì í tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò fínnífínní, a óò rí i pé ẹni tí ó yẹ kí a ta wúrà fún ni ó sọ. Kò sọ iye tí ó yẹ kí ẹni náà san. Bí olùrà bá mọ̀ pé wúrà ni, tí olùtà sì rò pé bàbà ni, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó mọ̀ san owó bàbà, kí ó dákẹ́, kí ó sì gbé wúrà lọ sí ilé rẹ̀? Àwọn kan yóò yára dáhùn pé kò tọ́. Àwọn mìíràn yóò yára dáhùn pé ọjà ni ọjà ń jẹ́. Ó yẹ kí a fi sùúrù gbọ́ ti ọ̀tún, kí a sì gbọ́ ti òsì, nítorí pé àgbọ́ẹ̀jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti ń yọjú tó ààrin àwọn tí ń kó àwo ìgbàlejò àtijọ́ jọ. Àwo tí wọ́n ń kó jọ yìí kì í ṣe àwo lásán. Amọ̀ ni a fi mọ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi amọ̀ mọ ìkòkò àti ìṣaasùn. Lẹ́yìn tí a bá ti fi iná sun ún tán, a óò fi òkúta lílọ̀ àti òjé tí a pò mọ́ omi kùn ún lára, a óò sì tún dá a padà sínú ìléru. Nínú ooru iná ni ohun tí a fi kùn ún yóò ti yọ́, tí yóò sì di gíláàsì tín-ín-rín tí ó bo gbogbo ara àwo náà. Omi kò ní lè wọ inú amọ̀ náà mọ́, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró àti àwọ̀ ìyeyè yóò sì máa dán lára rẹ̀ bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn láti mọ̀. Bernard Palissy, ará Faransé tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá àṣírí ìkùn dídán náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí igi ìdáná tán, tábìlì ilé òun àti pákó ilẹ̀ ilé òun ni òun fi dáná. Àwo rẹ̀ di olókìkí nítorí ejò, ẹja, ọ̀pọ̀lọ́ àti ewé tí ó mọ sí ojú wọn. Ní 1851, nígbà ìpàtẹ ńlá ti ìlú London, ilé iṣẹ́ Minton ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàtẹ àwo aláràbarà tí wọ́n sọ ní majolica. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé ọlọ́lá ní Yúróòpù ti ń lo àwo ọ̀tọ̀ fún ẹja, àwo ọ̀tọ̀ fún èso àti àwo ọ̀tọ̀ fún ẹ̀fọ́. Lónìí, àwọn tí ó ń jẹun nínú wọn kò tó nǹkan mọ́. Àwọn tí ó ń gbé wọn kọ́ ara ògiri pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ tí a tẹ̀ sí ìdí àwo ni wọ́n ń wá, nítorí pé orúkọ náà ni ó máa ń sọ bóyá àwo kan yóò pa owó àkàrà tàbí owó ilé.

Àwo òyìnbó kì í ṣe àjèjì ní etí omi Gabon. Kí ìlú Libreville tó wà ni àwọn Mpongwe, tí wọ́n ni ilẹ̀ etí omi náà, ti ń bá àwọn ọkọ̀ òyìnbó ra aṣọ, ìbọn, abọ́ àti àwo. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé iṣẹ́ Liverpool bíi Hatton and Cookson àti John Holt, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣòwò níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwo dídán di ohun ọ̀ṣọ́ ilé àti àmì ọlá. Káàkiri etí òkun láti Gabon títí dé ilẹ̀ Congo ni àṣà wà pé kí a gbé àwo àti ife olóògbé sí orí ibojì rẹ̀, kí ẹni tí ó ń kọjá lọ lè mọ irú ènìyàn tí ó sùn síbẹ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ṣòro láti fi ojú inú wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní Libreville ní ọjọ́ kan. Ìyá arúgbó kan kó ẹrù ìyá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé jáde sí ẹnu ọ̀nà kí ó lè tà wọ́n, nítorí pé owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ sísan. Àwo ńlá kan wà láàárín wọn, tí a mọ ewé àti ẹja sí lára. Ẹnì kan tí ó mọ̀ nípa àwo ń kọjá lọ. Ó gbé e, ó dojú rẹ̀ dé, ó rí orúkọ tí a tẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lù kìkì. Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ó béèrè iye rẹ̀. Ìyá ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó sẹ́fà ni. Ọkùnrin náà mọ̀ pé yóò pa ìlọ́po ọgọ́rùn-ún iye bẹ́ẹ̀ bí òun bá gbé e dé gbàǹjo. Síbẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá ná ọjà yóò mú ìfura wá, ó ní kí ìyá dín in kù. Ìyá dín in, ó bá a wá ìwé ìròyìn àtijọ́ láti fi wé e kí ó má baà fọ́ lọ́nà, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùrà yìí kò jalè. Kò purọ́ kankan. Ìyá ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye lé ọjà rẹ̀. Níbo gan-an ni ẹ̀bi wà, bí ẹ̀bi bá wà?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a ya àìmọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ní 2007, ìdílé kan ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ra abọ́ funfun kékeré kan níbi tí ẹnì kan ti ń ta ẹrù àlòkù níwájú ilé. Owó tí wọ́n san kò ju dọ́là 3 lọ. Wọ́n gbé e sí pálọ̀ fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó mú un lọ fún àwọn tí ó mọ̀. Iṣẹ́ àwọn amọ̀kòkò Ding ti ilẹ̀ Ṣáínà ni, ó sì ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní oṣù Kẹta 2013, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York ní dọ́là 2,225,000. Kò sí ẹni tí ó lè bá ìdílé náà wí. Ohun tí olùtà kò mọ̀ ni àwọn náà kò mọ̀. Orí ni ó gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n ní 2020, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ẹnì kan rí abọ́ funfun tí a fi aró ya òdòdó sí lára, ó fura pé kì í ṣe ohun kékeré, ó sì san dọ́là 35 tí olùtà bèèrè. Abọ́ náà pa dọ́là 721,800 ní oṣù Kẹta 2021. Ìfura kì í ṣe ìmọ̀ pátápátá, kò sì yẹ kí a pe ẹni tí ó fura ní ọ̀dàlẹ̀. Síbẹ̀, a rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí ní ibi tí ẹsẹ̀ ìdílé àkọ́kọ́ wà. Bí ìmọ̀ ti ń pọ̀ sí i ní apá kan, tí kò sì pọ̀ sí i ní apá kejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tí ó wà ní ọrùn ẹni tí ó mọ̀ ń wúwo sí i.

Àwọn tí ń gbèjà ìdákẹ́ ní ọ̀rọ̀ tí ó lágbára lẹ́nu. Wọ́n ní ìmọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó fi ogún ọdún ka ìwé nípa àwo, tí ó ti fi owó ara rẹ̀ ra ayédèrú ní àìmọye ìgbà, òun ni ó tọ́ sí láti jèrè ogún ọdún náà. Wọ́n tún ní bí kì í bá ṣe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, àwo náà ì bá ti fọ́ sí ibi ìdáná, nítorí náà olùgbàlà ni ó jẹ́ fún ohun tí ó rà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n babaláwo pẹ̀lú fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Ifá, bẹ́ẹ̀ ni onísègùn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ewé àti egbò. Iye tí ó tọ́ sí wọn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó wá sọ́dọ̀ wọn, wọn kì í gba ilé àti ọ̀nà rẹ̀. Bí ìmọ̀ bá ní owó iṣẹ́ tirẹ̀, a jẹ́ pé ó yẹ kí a lè dárúkọ owó náà síta. Ohun tí a kò lè dárúkọ rẹ̀ lójú ẹni tí ó ń san án kì í ṣe owó iṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó sì yọ ọmọ ọlọ́mọ nínú odò ṣe ohun rere, ṣùgbọ́n kò torí bẹ́ẹ̀ di baba ọmọ náà.

Àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, Cicero, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Róòmù, sọ ìtàn Scaevola tí ó fẹ́ ra oko kan. Scaevola ní kí olùtà dá iye kan ṣoṣo lé e. Nígbà tí olùtà dá iye náà, Scaevola ní oko náà níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fi ọ̀kẹ́ márùn-ún owó Róòmù kún un. Àwọn ènìyàn ní ìwà ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe ìwà ọlọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dun Cicero, nítorí pé wọ́n ti ya ọgbọ́n nípa kúrò lára ìwà rere. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ irú ọgbọ́n tí àwọn ará Róòmù wọ̀nyí ní lọ́kàn: ọgbọ́n àrékérekè ni, kì í ṣe ọgbọ́n tí a ń pe orí àgbà mọ́. Bákan náà ni Ànábì Muhammad kọ̀ fún àwọn oníṣòwò láti jáde lọ pàdé àwọn èrò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọjà, nítorí pé ẹni tí kò tí ì dé ọjà kò tí ì mọ iye ọjà rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti rà á lọ́nà bẹ́ẹ̀, olùtà ní àṣẹ láti yí ohùn padà nígbà tí ó bá dé ọjà. Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, a máa ń pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà oko láìsí ẹni tí ó dúró tì í, a ó sì to òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀ láti fi iye rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó ń kọjá yóò mú ọjà, yóò sì fi owó sílẹ̀. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lórí òótọ́ olùtà nìkan. Òótọ́ olùrà ni ó gbé e ró.

Ọ̀ràn kan ti ṣẹlẹ̀ tí ó mú ìbéèrè yìí dé Libreville gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a tà níbẹ̀ kì í ṣe àwo. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, tọkọtaya àgbàlagbà kan ní ilẹ̀ Faransé ń palẹ̀ ẹrù ilé wọn kan mọ́. Wọ́n ta àwọn ohun àlòkù fún oníṣòwò kan, ìbòjú onígi kan sì wà láàárín wọn tí oníṣòwò náà ra ní yúrò 150. Ìbòjú àwọn Ngil ni, ẹgbẹ́ onídàájọ́ láàárín àwọn Fang ti ilẹ̀ Gabon, tí iṣẹ́ wọn fi díẹ̀ jọ ti Orò: wọ́n a máa jáde wá àwọn oníṣẹ́ ibi, ojú ìbòjú wọn a sì gùn, a fi ẹfun kùn ún. Ní oṣù Kẹta 2022, wọ́n ta ìbòjú náà ní gbàǹjo ní ìlú Montpellier ní mílíọ̀nù 4.2 yúrò. Tọkọtaya náà pe ẹjọ́ pé a rẹ́ àwọn jẹ. Oníṣòwò náà ní òun kò mọ iye rẹ̀ nígbà tí òun rà á. Síbẹ̀ ó ti kọ́kọ́ fẹ́ fún wọn ní yúrò 300,000, ìdílé wọn kò sì gbà. Ilé ẹjọ́ ìlú Alès dá ẹ̀bẹ̀ wọn nù ní oṣù Kejìlá 2023. Ó ní wọn kò ṣe aápọn tó láti mọ iye ohun tí wọ́n ń tà.

Òfin lè dúró síbẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò lè wọ inú ọkàn ènìyàn lọ wo ohun tí ó mọ̀ ní ọjọ́ tí ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí òfin dúró sí kì í ṣe ibi tí ọmọlúàbí ń dúró sí. Bí oníṣòwò náà kò bá mọ nǹkan kan ní tòótọ́, ó dà bí ìdílé New York. Bí ó bá mọ̀, ó dà bí ọkùnrin tí ó dojú àwo dé níwájú ìyá arúgbó. Owó tí ó fẹ́ fún wọn lẹ́yìn náà fi hàn pé ẹni tí òfin kò bá wí pàápàá lè mọ̀ pé òun jẹ ẹnì kan ní nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹni kẹta wà nínú ẹjọ́ náà, òun ni ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ìjọba Gabon wọ inú ẹjọ́, ó ní kí a dá ìbòjú náà padà sí ilé. Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ nù pẹ̀lú. Ní nǹkan bí 1917 ni ìbòjú náà ti bọ́ sí ọwọ́ gómìnà Faransé kan, bàbá bàbá ọkùnrin tí ó ń sunkún pé a fi yúrò 150 rẹ́ òun jẹ. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó ń ṣàkóso ni ó ń béèrè, ẹni tí a ń ṣàkóso ni ó ń fi sílẹ̀. Ta ni ó lè ná ọjà pẹ̀lú gómìnà? Kí ó tó tó ìgbà náà, ní oṣù Kejì 1839, ọba Denis Rapontchombo ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Bouët-Willaumez, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará Faransé, ní òdìkejì omi sí ibi tí a dá Libreville sí ní 1849. Aṣọ, ìbọn, ẹ̀tù, tábà àti ọtí wà lára ohun tí a kó fún un. Denis kì í ṣe òmùgọ̀. Oníṣòwò àgbà ni, ó sì gbọ́ èdè àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà yóò bí lẹ́yìn ọ̀la kò sí lójú ìwé tí ó fọwọ́ sí.

Nígbà náà ni a rí i pé ìdákẹ́ olùrà kì í parí sí ojú kan. Ẹni tí a dákẹ́ fún lónìí lè jẹ́ ọmọ ẹni tí ó dákẹ́ fún ẹlòmíràn lánàá, ohun kan náà sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, owó rẹ̀ ń ga sí i, ẹni àkọ́kọ́ kò sì gbọ́ nípa rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀ṣẹ̀ baba kan ọmọ ni èyí túmọ̀ sí. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún òun nígbà tí òun ń tà, kò lè kọ̀ láti bèèrè bí ohun náà ṣe dé ọwọ́ òun. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò mú igi ṣónṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí ó ti ń dùn tó.

Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ràn àwo àtijọ́ ṣe nígbà náà? Kò yẹ kí ó sá fún ọjà. Bí ó bá pàdé oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ iye ohun tí ó ń tà, kí wọ́n jọ dán ọgbọ́n wò. Jàkadì láàárín ẹgbẹ́ kì í ṣe ìyà. Ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé ẹni tí kò lè mọ̀, ẹni tí àìní gbé jáde sí ẹnu ọ̀nà, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìfura lásán ni ó ní, kí ó sọ ìfura náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó dárúkọ ohun tí ó tọ́ sí òun nítorí ìmọ̀ rẹ̀, ìrìn rẹ̀ àti ewu tí ó lè wà nínú títà á. Ó ṣeé ṣe kí ìyá arúgbó náà má ta àwo rẹ̀ mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó tà á fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Àdánù gidi ni, kò sì yẹ kí a tan ẹnikẹ́ni pé òtítọ́ kì í ná ni ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí ohun tí a mọ àwo náà fún. Kì í ṣe fún ara ògiri. A mọ ọ́n kí a lè bu oúnjẹ sí i, kí a sì gbé e síwájú àlejò. Ẹni tí ó bá ra irú àwo bẹ́ẹ̀ lè fi nǹkan kan wádìí ara rẹ̀: bí ẹni tí ó tà á fún un bá ya ilé rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ṣé yóò lè bu oúnjẹ sínú àwo náà, kí ó gbé e síwájú rẹ̀, kí ó sì sọ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́ bí òun ṣe rà á àti iye tí ó tó? Bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ ni àwo náà. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni yóò sáré lọ gbé e pamọ́ nígbà tí ó bá gbọ́ ohùn ìyá náà ní ẹnu ọ̀nà, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti dá ẹjọ́ náà.